Nítorí Àpò Ìrẹsì tó Jókòó Lórí Ìwé Rẹ

Adó-Èkìtì,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọmọ́wùmí, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Má tíì fún ọ̀gá rẹ ní ìwé pé o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá ṣì wà nínú báàgì rẹ, kó máa wà níbẹ̀. Bó bá sì ti dé ọwọ́ rẹ̀, dìde nísinsìnyí, lọ bẹ̀ ẹ́ kó dá a padà fún ọ, kí o tó wá ka ìyókù lẹ́tà yìí. Bàbá rẹ ló rán ọ. Bí o bá padà dé, bu omi tútù mu, kí o jókòó, torí ọ̀rọ̀ yìí yóò gùn díẹ̀.

Ó dáa. O kú iṣẹ́ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iná ń wà níbi iṣẹ́ yín n'Íbàdàn, àbí ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ ṣì ń gbọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Àlàáfíà ni èmi àti ìyá rẹ wà. Ọyẹ́ ti dé sí Adó, ètè ti ń là, gìgísẹ̀ ìyá rẹ náà ti là, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbẹ rárá, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Lálaalẹ́ ni mo ń fi òrí pa ìka mi kí n tó sùn, nítorí ìka tó bá gbẹ kì í gbọ́ kókó bíréèlì tí àwa afọ́jú fi ń kàwé dáadáa. Kí ìwọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀, kí o sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò láàárọ̀ kí o má bàa fi ọ̀rá ba ìwé olówó iyebíye jẹ́. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyẹn, mo ti yọ́ ọ sínú ìkíni.

Ìkejì: ọwọ́ ni kí o fi ka lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ ẹ́. Láti kékeré lo ti máa ń gbé ìwé mi lọ sójú fèrèsé, tí wàá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí oòrùn lè fi òjìji kókó hàn ọ́, tí wàá sì kà á tán kí ìka tèmi tó dé ìlà kejì. Inú mi máa ń dùn nígbà náà, mo máa ń fi ọ́ yangàn lójú àlejò. Ṣùgbọ́n olójú ni ọ́, ojú rẹ a máa bá ọ sáré. Àwa afọ́jú tí o ń ṣiṣẹ́ yìí fún kò ní ohun tí yóò bá wa sáré ju ìka lọ. Bó o bá ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò níbi iṣẹ́, di ojú rẹ, kí o fi ìka rìn ín bí àwa náà ṣe ń rìn ín.

Jẹ́ kí n wá to ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé o mọ apá kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n apá tí o kò mọ̀ ló ba nǹkan jẹ́.

Nígbà tí o gba iṣẹ́ yìí, o ṣàlàyé fún mi pé ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àwọn olójú di bíréèlì, pé ìlànà àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, àti pé iṣẹ́ rẹ ni láti yí àwọn òfin inú rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi bá ìlànà tuntun mu. O ní àwọn aṣojú ìlú tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó pọ̀, wọ́n fẹ́ kí gbogbo afọ́jú tó ń ka èdè náà máa ka ìlànà kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ìwé ìtàn, ìbáà jẹ́ ìṣirò. O ní wọn kò tíì parí ẹ̀, wọ́n ṣì ń dán an wò, wọ́n sì ní kí ìlú tiwa náà dán an wò. O tẹ ojú ìwé mélòó kan jáde, o sì fi rán awakọ̀ sí mi pé kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kà á, kí a wí bó ṣe rí. Mo gbé ìròyìn náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ pé ọmọ mi ní kí n wá bá òun dán ìwé wò.

O mọ bí a ṣe ń ṣe láàárọ̀ Sátidé. Bàbá Ìgbẹmọ yóò gun ọ̀kadà wá, Bàbá Ìgèdè yóò bá bọ́ọ̀sì wá, ìyá rẹ yóò gbé àga síta fún wa, a ó sì pín ìwé kan kà: ẹni kan yóò ka ojú ìwé kan sókè, yóò nà án sí ẹni kejì, yóò yí po. Òfin kan ṣoṣo tí a ní ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ìwé kà ṣáájú, nítorí láti ìgbà tí a ti jọ wà nílé ìwé àwọn afọ́jú ni Bàbá Ìgèdè ti máa ń lọ kà á sílẹ̀ lábẹ́lẹ̀ kó lè wá fakọyọ lójú wa. Nítorí òfin yìí, nígbà tí ìwé rẹ dé, n kò ṣí i. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì gígùn inú pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, mo sì sọ fún ìyá rẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án.

Láàárín ọ̀sẹ̀ ni Bàbá Ìgbẹmọ fi àpò ìrẹsì tuntun ránṣẹ́ sí wa láti oko àwọn ọmọ rẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé e wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, "Bàbá, ibo ni kí n gbé e sí?" Mo rántí àwọn eku inú ilé yìí. Mo ní, "Má gbé e sílẹ̀ o. Gbé e sórí bẹ́ǹṣì." Ẹnu èmi yìí náà ni mo fi sọ ọ́, Ọmọ́wùmí. Ó gbé e síbẹ̀, ó sì lọ. Ìrẹsì náà sùn lórí iṣẹ́ rẹ títí di ọjọ́ tí ìyá rẹ gbé e kúrò láti ṣa òkúta inú ẹ̀, o mọ̀ pé ìrẹsì ilé wa kò ní ṣe kó má ní òkúta.

Ó di Sátidé, a gbé ìwé náà síta. Bàbá Ìgèdè ló kọ́kọ́ mú un. Ó fọwọ́ lọ, ó fọwọ́ bọ̀. Ẹni tí ń kàwé bí ẹni tí ń mu ẹ̀kọ, ó wá ń ka lẹ́tà kan, ó ń fo méjì. Ó nà án sí Bàbá Ìgbẹmọ, ìyẹn náà ní òun kò rí orí, òun kò rí ìdí. Ó kàn mí. Kókó kan ga, èkejì kò sí níbẹ̀, ẹ̀kẹta dà bí ohun tí ẹnì kan ti fọwọ́ rẹ́. Bàbá Ìgbẹmọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Uṣẹ́ àwọn olójú rèé. Wọn kì í bi wá kí wọ́n tó tún nǹkan wa ṣe." Ìyá rẹ, tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́, tó sì ti gbé Adó tó ẹni tí a bí síbẹ̀, ṣì rí àyè rẹ́rìn-ín "uṣẹ́" lọ́jọ́ náà. Bàbá Ìgèdè kò rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé ó ní Bíbélì bíréèlì, ìdìpọ̀ ìwé ńláńlá tó gba ògiri kan tán nínú yàrá rẹ̀. Ó ní, "Bí èyí bá dé, kí ni kí n wá fi èyí tó wà nílé mi ṣe? Kí n fi dáná?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo mú ọ̀pá mi, mo lọ sí ilé tẹlifóònù tó wà lọ́nà ọjà, mo sì sọ fún ọmọbìnrin tó gbé e níbi iṣẹ́ yín pé, "Ẹ sọ fún Ọmọ́wùmí pé kò ṣe é kà rárá. Kí wọ́n fi í sílẹ̀." Mo padà sílé bí àgbà tó ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Mo tún jẹ iyán lọ́jọ́ náà, ó sì dùn lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ni lẹ́tà rẹ dé. Lẹ́tà ni, kì í ṣe ìwé ẹgbẹ́, mo sì ṣí i lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìgbé ọwọ́. O ní wọ́n ka iṣẹ́ tí mo rán síta lójú gbogbo èèyàn. O ní ọ̀gá yín ti dá ìdánwò náà dúró, ó ní bí àwọn bàbá tó ti ń ka bíréèlì kí wọ́n tó bí òun bá ní kò ṣe é kà, òun yóò kọ̀wé sókè òkun pé tiwa kò sí nínú rẹ̀. O ní bánkì tó pè ọ́ l'Ékòó lọ́jọ́sí ṣì ń dúró dè ọ́, àti pé bí oṣù bá parí wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀. O ní o sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pa ọmọ mi lẹ́kún. Ó dùn mí dé eegun.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá kan ìlà tó gbẹ̀yìn, níbi tí o ti sọ pé ìlànà tuntun náà ni o fi kọ lẹ́tà náà, láti fi dágbére fún un, kí n forí jì ọ́ bí n kò bá lè kà á.

Mo ti kà á tán, Àbẹ̀kẹ́. Mo ti kà á tán kí n tó mọ̀.

Mo padà sí òkè ìwé náà, mo tún un kà. Lóòótọ́ ni mo ti kíyè sí i pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké tí a máa ń so pọ̀ kí àyè má bàa ṣòfò, dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló mú ọ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Mo sì ti kan kókó kan níwájú orúkọ mi. Mo rò pé eruku ọyẹ́ ni, mo tilẹ̀ fi èékánná ha á kó bọ́. Àmì lẹ́tà ńlá ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka bíréèlì ni mo ti mọ̀ pé àwọn olójú ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ èèyàn, ṣùgbọ́n nínú ìwé tiwa níbí a kì í fi í sí i, ìka mi kò tíì kàn án rí lára orúkọ ara mi. Mo sì fẹ́ fi èékánná ha á dànù.

Mo pe ìyá rẹ. Ó gbọ́ ọ títí, ó wá ní, "Ó dáa, bí èyí bá ṣe é kà, kí ló wá ṣe ti àkọ́kọ́?" Mo ní kó lọ mú un wá. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá Ọmọ́wùmí, ojú àpò ìdọ̀họ ló wà lára ìwé yìí. Ìrẹsì ọ̀rẹ́ yín ló jókòó lé e." Ó mú ìka mi, ó fi lé igun ìwé náà. Lóòótọ́, mo kan ibi tí okùn àpò náà ti gbà kọjá, ó rí págunpàgun, àwọn kókó rẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò ní rí i. Àgbà mẹ́ta ló jókòó lọ́jọ́ náà, a ò sì rí àpò ìrẹsì.

Ìmọ̀ràn kẹta jáde látinú èyí, òun ló sì wúwo jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí wọ́n bá kọ iṣẹ́ rẹ, má gbà pé iṣẹ́ rẹ ni wọ́n kọ̀ títí o ó fi mọ ohun tó dé ọwọ́ wọn. Ó tọ́ kí o bi mí pé, "Bàbá, báwo ni kò ṣe ṣe é kà? Ìlà wo? Lẹ́tà wo?" Bí o bá ti bi mí bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti rí i pé n kò lè dárúkọ lẹ́tà kan tí ìlànà náà bàjẹ́, pé kókó ni kò sí. Ọ̀wọ̀ ló pa ẹnu rẹ mọ́, mo mọ̀, èmi náà ni mo sì kọ́ ọ. Máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n máa bi àgbà léèrè. Kúnlẹ̀ bi í bí o bá fẹ́.

Má sì bínú sí Bàbá Ìgèdè. Èmi mọ ohun tó ń bẹ nínú ẹni tó bá kọ ohun tuntun. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, síléètì àti irin tí a fi ń gún kókó lẹ́yọ lẹ́yọ ni mo mọ̀, ọwọ́ mi sì yá lórí rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń pe àlejò wá wò mí. Wọ́n wá kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníbọ́tìnnì wá. Mo ní ẹ̀rọ ọ̀lẹ ni. Gbogbo sáà yẹn ni mo fi kọ̀ ọ́, tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ń fi í ṣe iṣẹ́ wọn tán, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń gbọ́ bí èmi ṣe ń gún ìwé ṣákaṣàka níwájú. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà burú. Ẹ̀rù ló bà mí pé ohun tí wọ́n fi ń yìn mí fẹ́ lọ. Nítorí náà, bí àgbàlagbà kan bá fi ohùn líle kọ ìwé rẹ, kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní gba ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹni tó bá mọ ti àtijọ́ yóò lè ka èyí tó pọ̀ jù nínú ti tuntun. Má ṣe parọ́ fún un pé kò sí ohun tí yóò yí padà. Yóò yí padà, ìwé yóò sì fẹ̀ díẹ̀ sí i, nítorí àyè tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀. Sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ìwọ lo mọ inú kọ̀ǹpútà, àwọn ló ni ìka.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí n kò sọ fún ọ rí, ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n. O máa ń bi mí nígbà tí o wà ní kékeré pé kí ló dé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó jẹ́ pé ìṣirò ni mo máa ń fi bá ọ ṣeré. Ìṣirò ni mo fẹ́ kà, Àbẹ̀kẹ́. Òun ni mo fẹ́ràn jù láyé yìí. Olùkọ́ mi wá ìwé ìṣirò kan fún mi láti Amẹ́ríkà, inú mi dùn, mo gbé e lé itan. Mo ṣí i, n kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tiwa ń dúró sí apá òkè, tiwọn wà ní ìsàlẹ̀, àmì tó jẹ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìlànà méjì ló wà. Mo rò pé orí mi ni kò pé. Mo dá ìwé náà padà, mo ní ìṣirò ti sú mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo gọ̀. Nígbà tí mo sì mọ̀, mo ti di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo ti gbé ìyá rẹ níyàwó, ayé ti rìn lọ. N kò kábàámọ̀ ilé tí mo kọ́, inú mi dùn sí ìgbésí ayé mi, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà níbì kan báyìí, bóyá n'Ísẹ̀yìn, bóyá n'Íkòlé, tó fẹ́ràn nọ́ńbà bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. N kò fẹ́ kó gbé ìwé lé itan kó rò pé orí òun kò pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o lọ gba ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ rẹ padà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ.

Ti inú ètò kọ̀ǹpútà náà, o ní bí o bá tún òfin kan ṣe, ọ̀rọ̀ mìíràn a bàjẹ́ níbi tí o kò fọkàn sí, pé o tún un ṣe títí orí ń fọ́ ọ. N kò mọ kọ̀ǹpútà. Bàbá Ìgèdè, tí iṣẹ́ àga híhun jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ni mo bi léèrè. Ó ní bí òun bá ń tún ìjókòó tó ti dẹ̀ ṣe, òun kì í tú okùn méjì lẹ́ẹ̀kan. Òun á tú ọ̀kan, òun á hun ún padà, òun á fi ọwọ́ tẹ gbogbo àga náà wò láti etí dé etí, kí òun tó fọwọ́ kan èkejì. Ó ní oníṣẹ́ tó bá ń tú méjì méjì, ìdí oníbàárà ni yóò sọ fún un. Nítorí náà má ṣe tún òfin púpọ̀ ṣe lójú kan nítorí pé ọ̀gá ń kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí o sì ní ojú ìwé kan tí o mọ̀ dunjú, tí o ó máa tẹ̀ jáde lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, tí o ó máa fi ìka kà, pẹ̀lú ojú dídì. Mo tún ti padà sórí ojú dídì. Kò ní sú mi.

Ọ̀rọ̀ bánkì ńkọ́? Bánkì dára. Aṣọ wọn mọ́, afẹ́fẹ́ tútù wà níbẹ̀, ìyá rẹ yóò sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ fún àwọn ìyá ìjọ. N kò ní dí ọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n má fi ẹkún jáde kúrò nínú iṣẹ́ kan wọ inú èkejì. Ẹni tí ó bá ń sá kì í yan ibi tí ó ń sá sí. Bí o bá parí èyí, tí o sì rí i pé bánkì lọkàn rẹ ṣì wà, wá sọ fún mi, n ó gbàdúrà fún ọ, n ó sì bá ọ ra bàtà tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi dé bí ìṣe wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ àpò náà fún wọn. Bàbá Ìgbẹmọ di orí mú, ó ní, "Ìrẹsì mi? Ìrẹsì tí mo fi ta yín lọ́rẹ?" Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é nínú ilé yìí títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú. Ìyá rẹ ti fẹ́ gbé e kaná, ó gbé e padà. Nígbà tó yá, Bàbá Ìgèdè na ọwọ́, ó ní kí n fún òun ní lẹ́tà rẹ. N kò fún un ní gbogbo rẹ̀, nítorí ẹkún rẹ wà nínú ẹ̀, tèmi àti tìrẹ nìyẹn. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo fún un, èyí tí o fi kí gbogbo wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó dé ibi tí o ti ní kí n bá ọ kí òun. Ó dúró.

Ó ní, "Kí ni kókó tó wà níwájú orúkọ mi yìí?"

Mo ní, "Lẹ́tà ńlá ni. Bí àwọn olójú ṣe ń kọ ọ́."

Ó tún fi ìka kàn án, ó tún kàn án. Bàbá Ìgbẹmọ ní kó jẹ́ kí òun náà wá tòun, kò sì fún un. Ó pẹ́ kó tó na ìwé náà sí mi, ó sì ní, "Sọ fún un kó tún un fi ránṣẹ́."

Nítorí náà, ohun tí o máa ṣe nìyí. Ka ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ àpò ìrẹsì nínú lẹ́tà yìí fún ọ̀gá rẹ, má fo ọ̀kan nítorí kí ojú má bàa tì mí. Ó sàn kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín n'Íbàdàn ju kí wọ́n kọ̀wé sókè òkun pé tiwa kò sí níbẹ̀. Tún àwọn ojú ìwé náà tẹ̀ jáde. Fi wọ́n sáàárín pákó fẹ́ẹ́rẹ́ méjì, dì wọ́n, kí o sì sọ fún awakọ̀ pé orí itan èrò iwájú ni kí ó gbé e sí, kì í ṣe inú búùtù.

Ìyá rẹ ní kí o máa jẹun, kí o má sì fi ìkunra olóòórùn tún ojú rẹ ṣe jù. N kò mọ ohun tó ń sọ, mo kàn kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ ni. Ọlọ́run tó fún ọ ní ojú, tó sì fún mi ní ìka, yóò jẹ́ kí àwa méjèèjì rí èrè iṣẹ́ yìí. Bí o ti ń tún ọ̀nà ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀nà tìrẹ kò ní dí.

Ìrẹsì náà ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí, eku ìbáà jẹ ẹ́ tán. N kò gbé nǹkan kan sórí bẹ́ǹṣì mọ́, rédíò pàápàá ti kúrò níbẹ̀. Láràárọ̀, bí mo bá ti jí, kí n tó bọ́jú, mo máa ń fọwọ́ gbá a láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí n lè mọ̀ dájú pé àyè rẹ wà níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.